Ẹ Kọ́kọ́ Gba Fọ́tò Là: Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Lo Kámẹ́rà Kékeré ní Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó

Ẹ̀yin ayàwòrán tí kámẹ́rà kékeré jẹ́ ohun èlò iṣẹ́ yín, ẹ̀yin òbí tí kámẹ́rà ilé yín ń sùn nínú àpótí láti ọjọ́ pípẹ́, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ tún ti ń wá kámẹ́rà tòkunbọ̀ kiri báyìí, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí kámẹ́rà bá kọṣẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má kánjú. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tó kú, kì í ṣe àìsàn àkọ́kọ́ ló pa á. Ọwọ́ tó fi ìkánjú wò ó ni. Ohun tó sì dùn mí jù níbẹ̀ ni pé fọ́tò inú rẹ̀ a máa bá a lọ.

Àwọn àgbà a máa tu ẹni tí nǹkan bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́ nínú pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Lórí ọ̀rọ̀ kámẹ́rà, ẹ yí ọ̀rọ̀ yẹn padà. Agbè tó bá fọ́, owó lè ra òmíràn. Omi tó dànù ni ẹnikẹ́ni ò lè pọn mọ́. A kì í sin ìyá ẹni lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé fọ́tò ti àkọ́kọ́ sọnù, ọmọ tí a sọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ kò sì ní padà di ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Nítorí náà, òfin kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ há sórí nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ ni èyí: ẹ kọ́kọ́ gba fọ́tò là, kí ẹ tó gba kámẹ́rà là.

Ibi tí a ń gbé gan-an kò rọrùn fún ẹ̀rọ kékeré yìí. Oríta ni Ọ̀rẹ̀. Títì márosẹ̀ Èkó sí Benin gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà Òǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa sì pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Ayàwòrán lè wà ní ìsìnkú ní Ọ̀rẹ̀ láàárọ̀, kó gun ọ̀kadà lọ sí ìgbéyàwó ní Odígbó lọ́sàn-án, kámẹ́rà á wà nínú àpò ṣòkòtò pẹ̀lú erùpẹ̀ pupa. Ilẹ̀ igbó ni ilẹ̀ wa: òjò ń rọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọ̀rinrin ń wọ inú ohun gbogbo. Bí òjò bá dáwọ́ dúró, ọyẹ́ á gbé eruku dé. Iná NEPA ní tirẹ̀, yóò lọ, yóò dé, ìgbà tó bá sì dé kì í fẹ̀sọ̀ dé. Ọ̀rinrin, eruku àti iná, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló wà nídìí púpọ̀ nínú ohun tí ẹ máa kà nísàlẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣe

Ẹ pa kámẹ́rà. Bí kò bá gbọ́, ẹ yọ bátìrì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó ná kí ẹ tó yọ ọ́: bí iná kékeré kan bá ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, ó ṣì ń kọ fọ́tò sórí káàdì lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ tán. Ẹni tó bá yọ bátìrì tàbí káàdì lásìkò yẹn lè ba gbogbo ohun tó wà lórí káàdì náà jẹ́, kì í ṣe fọ́tò ìkẹyìn nìkan.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ káàdì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì SD, ìdènà ike kékeré kan wà tó ṣeé fi èékánná tì sókè sódò. Ẹ tì í sí ibi tí wọ́n kọ Lock sí. Láti ìgbà yẹn lọ, kámẹ́rà kò ní lè kọ nǹkan tuntun sórí rẹ̀ tàbí kó pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀. Ẹ fi sínú àpótí kékeré rẹ̀ tàbí bébà mímọ́, ẹ má fi sáàárín owó ẹyọ àti kọ́kọ́rọ́. Bí ayẹyẹ bá ṣì ń lọ, káàdì mìíràn ni kí ẹ fi ṣiṣẹ́ yòókù.

Bí kámẹ́rà bá kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé káàdì ní àṣìṣe, tàbí tó ń béèrè bóyá kí òun fọ́máàtì rẹ̀, ẹ má tẹ OK. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí. Tí a bá pa fọ́tò rẹ́, tàbí tí a fọ́máàtì káàdì nínú kámẹ́rà, àkọsílẹ̀ tó ń sọ ibi tí fọ́tò kọ̀ọ̀kan wà ni ó sábà máa ń lọ. Fọ́tò fúnra rẹ̀ lè ṣì wà níbi tó wà, títí fọ́tò tuntun yóò fi wá jókòó lé e lórí. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣèèṣì pa fọ́tò rẹ́, tó sì dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìrètí rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá ń ya òmíràn lọ lórí káàdì kan náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń sin fọ́tò rẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí wọ́n ń pè ní PhotoRec, ọ̀fẹ́ ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹ wá ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa, kí ẹ jókòó tì í, kó má sì kó fọ́tò tó bá rí sórí káàdì yẹn padà. Inú kọ̀ǹpútà tàbí fúláàṣì tí a ń ki bọ kọ̀ǹpútà ni kó kó o sí.

Káàdì tí kámẹ́rà kò dá mọ̀

Nígbà mìíràn, kò sí ohun tó bà jẹ́ rárá. Bí kámẹ́rà bá sọ pé a ti ti káàdì pa, ìdènà kékeré tí mo sọ yẹn ló ti yẹ̀ sí ibi Lock. Ẹ tì í padà, ó parí.

Bí kámẹ́rà àtijọ́ bá kọ káàdì tuntun, ẹ wo ara káàdì náà. Káàdì SD lásán kì í ju 2GB lọ. Ní ọdún 2006 ni wọ́n gbé SDHC jáde, tó lọ dé 32GB, lẹ́yìn rẹ̀ ni SDXC dé ní 2009, tó kọjá ìyẹn. Kámẹ́rà tí wọ́n ṣe ṣáájú SDHC kò lè kà á, bó ti wù kí káàdì náà wọ ojú ihò rẹ̀ tó. Ẹ lọ wá káàdì 2GB fún un. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ yín lórí èyí.

Ayédèrú káàdì tún wà lọ́jà. Wọ́n á kọ 64GB sí ara rẹ̀, inú rẹ̀ kò sì ju díẹ̀ lọ. Kámẹ́rà kò ní fura. Yóò máa ya fọ́tò lọ, yóò máa kà á fún yín, ẹ̀yìn ayẹyẹ ni ẹ máa tó rí i pé fọ́tò tó ṣí kò ju ti ìdajì àárọ̀ lọ. Ọ̀nà tó dájú ni pé kí ẹ dán káàdì tuntun wò nílé kí ẹ tó gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ẹ kó fídíò kún un dé ẹnu láti orí kọ̀ǹpútà, ẹ yọ ọ́, ẹ fi í padà, kí ẹ wá ṣí èyí tó kẹ́yìn wò. Bí kò bá ṣí, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Bátìrì àti ṣájà

Kí ẹ tó sọ pé kámẹ́rà ti kú, ẹ fi bátìrì mìíràn tó kún dán an wò. Bátìrì tí kò lágbára mọ́ a máa farahàn bí oríṣiríṣi àìsàn: lẹ́ǹsì á jáde dé ìdajì á dúró, iná fúláàṣì kò ní tan, ojú rẹ̀ á tàn díẹ̀ á kú.

Kámẹ́rà tó ń lo bátìrì rédíò, irú èyí tí wọ́n kọ AA sí, ń jẹ iná púpọ̀. Bátìrì olówó pọ́ọ́kú tí a ń fi sínú rédíò àti tọ́ọ̀ṣì kò lè gbé e. Yóò kú lẹ́yìn fọ́tò díẹ̀, ẹ ó sì rò pé kámẹ́rà ló bà jẹ́. Alkaline ni kí ẹ rà, tàbí èyí tó ṣeé ṣájì tí wọ́n kọ NiMH sí. Ẹ má da tuntun pọ̀ mọ́ àlòkù. Bí ẹ bá fẹ́ gbé kámẹ́rà pamọ́ fún ìgbà pípẹ́, ẹ yọ bátìrì kúrò nínú rẹ̀, nítorí bátìrì tó bá jò níbẹ̀ yóò jẹ irin ibẹ̀. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn bátìrì tí ẹ rí nǹkan funfun tàbí àwọ̀ ewé lórí àwọn irin kéékèèké inú rẹ̀, òun ni. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ tàbí rọ́bà tí a fi ń pa ìkọ̀wé pẹ́ńsù rẹ́ nù ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì fọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí tó pẹlẹbẹ, tí wọ́n kọ Li-ion sí, òun ni kí ẹ bẹ̀rù. Bí ẹ bá rí i pé ó ti wú, tí ó ń ṣòro láti wọlé tàbí jáde, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán. Ẹ má ṣájì rẹ̀ mọ́, ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ kó padà pẹlẹbẹ, ẹ má jù ú sínú iná tàbí ààtàn. Ó lè gbiná. Ṣájà tó bá a wá ni kí ẹ lò. Ṣájà tí a ń fi irin méjì há gbogbo irú bátìrì mọ́lẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ bátìrì kan sí èkejì. Ẹ má sì fi bátìrì sórí iná lóru, kí ẹ wá sùn lọ, pàápàá níbi tí jẹnẹrétọ̀ àti NEPA ti ń pààrọ̀ ara wọn. Bí iná bá lọ, ẹ yọ ṣájà. Bó bá dé, ẹ jẹ́ kó fìdí múlẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó fi í padà.

Lẹ́ǹsì tó há

Èyí wà lára àwọn àìsàn tó wọ́pọ̀ jù lára kámẹ́rà kékeré. Lẹ́ǹsì á jáde, kò ní lè wọlé, tàbí kó má lè jáde. Lára Canon àtijọ́, E18 ni ó máa ń kọ. Àwọn mìíràn á kọ Lens error. Ẹ gbé e sétí, ẹ lè gbọ́ tó ń ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé eyín ń gé nǹkan. Ẹyọ erùpẹ̀ kan ṣoṣo tó wọ àlàfo tó wà láàárín òrùka lẹ́ǹsì kan sí èkejì tó láti fa èyí. Bí kámẹ́rà bá já bọ́, tàbí tí ẹnì kan bá tàn án nínú báàgì tí lẹ́ǹsì kò ríbi gbà jáde, ó tún lè fà á.

Ẹ yọ bátìrì, ẹ lọ ṣájì rẹ̀ kó kún. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ gbá àlàfo náà yíká, kí ojú lẹ́ǹsì dojú kọ ilẹ̀ kí erùpẹ̀ lè bọ́ sísàlẹ̀. Rọ́bà tí a ń fọwọ́ tẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn jáde dára fún un. Ẹnu yín kò dára, itọ́ ló ń bá a lọ. Ẹ wá fi bátìrì padà, ẹ di kámẹ́rà mú kó ṣì dojú kọlẹ̀, kí ẹ tàn án. Bó bá kọ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.

Ẹ má fà á, ẹ má tì í, ẹ má gbá a mọ́ tábìlì. Eyín ike wẹ́wẹ́ ló ń yí lẹ́ǹsì nínú lọ́hùn-ún. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Eyín kan tó bá kán nínú rẹ̀, ẹ̀yà tí a óò fi rọ́pò rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Fọ́tò tí kò dára, tí kámẹ́rà kò sì ṣàìsàn

Bí gbogbo fọ́tò bá ń mọ́lẹ̀ jù, tàbí tó ń dúdú jù, tàbí tí ara ènìyàn ń gba àwọ̀ búlúù, ẹ wo ètò inú kámẹ́rà ná. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ ti tẹ ibi tí wọ́n kọ àmì + àti - sí. Bí ohun tó jìnnà kò bá hàn kedere, ẹ wò ó bóyá àmì òdòdó wà lójú rẹ̀: ohun tó súnmọ́ ni ìyẹn wà fún. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, ibì kan wà tí wọ́n kọ Reset sí tó ń dá ètò padà sí bó ṣe wà nígbà tó tuntun. Kò ní pa fọ́tò rẹ́.

Ní ìgbà ọyẹ́, tàbí tí òjò bá ń ṣẹ́, fọ́tò tí a fi fúláàṣì yà lálẹ́ lè kún fún òbìrí funfun kéékèèké tó ń léfòó. Jìnnìjìnnì ti bá àwọn kan nítorí èyí, wọ́n ní ẹ̀mí ló wà níbẹ̀. Eruku tàbí ẹ̀kán omi ni. Fúláàṣì kámẹ́rà kékeré súnmọ́ lẹ́ǹsì rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, nítorí náà eruku tó wà níwájú rẹ̀ gan-an ni iná náà kọ́kọ́ ń bà. Ẹ pa fúláàṣì, ẹ wá iná mìíràn, wọn á lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ yín lórí eruku.

Bí ẹ bá jáde láti inú yàrá tàbí ọkọ̀ tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, ìkùukùu lè bo ojú lẹ́ǹsì bí dígí tí a mí sí. Ẹ fi kámẹ́rà sínú báàgì tó dé dáadáa kí ẹ tó jáde, kó wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ẹ bá jáde. Ẹ tún máa wo ọjọ́ àti ọdún inú rẹ̀. Bí bátìrì bá ti pẹ́ níta, ọjọ́ náà á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, fọ́tò tí ẹ sì fẹ́ fi jẹ́rìí nípa ilẹ̀ tàbí ìjàm̀bá ọkọ̀ á gbé ọjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Bí omi bá wọ inú rẹ̀

Ẹ má tàn án láti wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Títàn yẹn gan-an ló ń pa á. Ẹ yọ bátìrì àti káàdì kíákíá, ẹ nù ún, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má sá a sínú oòrùn gangan, ẹ má gbé e sẹ́bàá iná, ẹ má rì í sínú ìrẹsì: ìyẹ̀fun ìrẹsì á tún wọ inú rẹ̀. Omi òkun burú ju omi òjò lọ, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀ kì í gbẹ lọ, ṣe ni yóò máa jẹ irin. Ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ bá bọ́ sómi lápá Ìlàjẹ létí òkun, kó tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe.

Láti dènà èbu tí ọ̀rinrin ń mú hù nínú lẹ́ǹsì, ẹ má fi kámẹ́rà sínú báàgì awọ lásìkò òjò. Ike tó ní ìdérí dáadáa ló dára, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tí ń fa omi tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà.

Ẹ má tú u

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù. Ẹ má tú ìdè kámẹ́rà nílé, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ tú u. Nínú kámẹ́rà tó ní fúláàṣì, kapásítọ̀ kan wà tó ń kó iná pamọ́ fún fúláàṣì náà. Iná inú rẹ̀ lè tó 300 fólìtì, bẹ́ẹ̀ bátìrì tó ń fún un níná lè má tó márùn-ún. Yíyọ bátìrì kò sọ ọ́ di òfìfo. Iná náà lè wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti pa ẹ̀rọ, ẹni tó bá sì fọwọ́ kàn án, yóò gbọ̀n ọ́n gidigidi, ó lè jó o lọ́wọ́, ó sì léwu fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò yá. Ọmọ tó wo fídíò lórí fóònù kò tíì di alátùn-únṣe.

Bí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, ilé iṣẹ́ Sony kéde pé àbùkù wà nínú ojú tí ń gba àwòrán, èyí tí wọ́n ń pè ní CCD, tí wọ́n ti ṣe sínú kámẹ́rà tiwọn àti ti àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn bíi Canon, Nikon, Fujifilm àti Olympus. Wáyà inú rẹ̀ ń já. Ohun tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni pé ibi tí ooru àti ọ̀rinrin bá pọ̀ sí ló ti ń tètè já. Ẹ wo Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó! Canon PowerShot A60, A70 àti A75 wà lára àwọn tó kàn. Àmì rẹ̀ ni pé ojú kámẹ́rà á di àwọ̀ àlùkò, tàbí kó dúdú, tàbí kó ní ìlà tó wọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn fọ́tò àtijọ́ lórí káàdì á ṣì mọ́ kedere. Bí ẹ bá rí i, ẹ má rà á, ẹ má sì retí pé ilé iṣẹ́ á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí.

Yálà ẹ rà á l'Ọ́rẹ̀ tàbí ẹ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ tàn án kí ẹ pa á lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ẹ fa lẹ́ǹsì jáde dé òpin. Ẹ tan fúláàṣì. Ẹ ya ògiri funfun, kí ẹ wò ó bóyá àmì dúdú kan ń jókòó síbì kan náà. Ẹ ya fọ́tò nínú oòrùn: bó bá funfun pátá pẹ̀lú ìlà ìbú, ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó sì ń padé fún ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ ti ń kú. Ẹ béèrè ṣájà àti irú káàdì tó ń lò. Memory Stick ti Sony àti xD ti Olympus kò wọ́pọ̀ mọ́. Kodak kéde ní ọdún 2012 pé òun ń jáwọ́ nínú ṣíṣe kámẹ́rà, nítorí náà ẹ rí bátìrì rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Kí ẹ sì gba rìsíìtì. Àjọ FCCPC wà lábẹ́ òfin ọdún 2018 láti gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà, ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí kò ní rìsíìtì máa ń ṣòro.

Bí ẹ bá ń gbé e lọ fún alátùn-únṣe

Ẹ yọ káàdì nílé. Fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ àti ìyàwó oníyàwó wà lórí rẹ̀, ẹ̀yin ni wọ́n sì fọkàn tán. Ẹ kọ nọ́ńbà ìsàlẹ̀ kámẹ́rà sínú ìwé, ẹ fẹnu kò lórí iye owó kó tó tú u, ẹ sì ní kó fi ẹ̀yà tó yọ hàn yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá fẹ́ ta kámẹ́rà: ẹ má ta káàdì mọ́ ọn. Mo ti ṣàlàyé pé fọ́máàtì lásán kì í kó ohun gbogbo lọ, ẹni tó rà á lè wá a jáde.

Iṣẹ́ kan wà tí kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la. Ẹ yọ káàdì inú kámẹ́rà yín lónìí, bó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ kó fọ́tò inú rẹ̀ sí ibi méjì tó yàtọ̀ síra, bíi kọ̀ǹpútà àti fúláàṣì tí ẹ ó gbé sí ilé mìíràn. Kí ẹ rí i pé wọ́n ṣí níbi méjèèjì kí ẹ tó fọ́máàtì káàdì náà nínú kámẹ́rà. Ẹ mú èyí tí ẹ kò fẹ́ kó sọnù láéláé nínú wọn lọ sí sítúdíò, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún yín, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ àti ọjọ́ tí a yà á sí ẹ̀yìn.